Ẹ́ńjìnì Tó Jẹ Epo Pupa

Ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ náírà ni ìyá ọlọ́gẹ̀dẹ̀ yẹn pe ìdì kan lọ́jà Àpòmù, ìdì tó ti pọ́n débi pé àwọn eṣinṣin ti ń ṣèpàdé lórí ẹ̀. Níbòmíràn, ewúrẹ́ ni wọ́n á gbé irú ọ̀gẹ̀dẹ̀ bẹ́ẹ̀ jù sí. Ṣùgbọ́n dòdò ni èmi ń dín tà lẹ́bàá títì ní Ìkirè, dòdò tiwa sì rèé, ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí kò bá tíì máa rọ̀ bí ẹ̀kọ kò wúlò fún un. Obìnrin náà mọ̀. Ó wo ojú mi, ó wo agbọ̀n tó wà lórí mi, ó sì gbówó lé e.

Mo ní, "Ìyá ọlọ́gẹ̀dẹ̀, ọ̀gẹ̀dẹ̀ yìí mà ti kú. Ṣé owó ìsìnkú lẹ̀ ń gbà ni?"

Ó ní, "Ìyá onídòdò, ẹ̀yin lẹ̀ ń dín òkú tà. Ẹ sanwó òkú."

Ẹ̀rín pa mí débi pé mi ò lè nájà dáadáa mọ́. Ẹgbẹ̀rún mẹ́fà ààbọ̀ ni mo san. Ẹ bá mi fi iye yẹn pamọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná.

Nígbà tí mo dé ìsọ̀ mi, ọkọ̀ ọmọ mi ọkùnrin ti wà níbẹ̀. Ìbàdàn ló ń gbé, ọ́fíìsì ló ti ń ṣiṣẹ́, ó sì máa ń kó àwọn ọmọ ẹ̀ méjèèjì wá sọ́dọ̀ mi tí wọ́n bá gba ọlidé ìgbà ọyẹ́. Èyí obìnrin ti ń sún mọ́ ọdún mọ́kànlá. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, àmọ́ tó bá ti di nǹkan mú, ó dì í mú nìyẹn. Àbúrò ẹ̀ ọkùnrin jẹ́ ọmọ ọdún méje, ẹnu tiẹ̀ kì í sinmi àfi tí dòdò bá wà nínú ẹ̀. Màmá Ìkirè ni wọ́n ń pè mí.

Páálí kan wà lábẹ́ apá ọmọbìnrin náà. Ó kúnlẹ̀ kí mi tòun ti páálí.

Ó ní, "Màmá Ìkirè, ẹ́ńjìnì ni. A máa tò ó, á sì ṣiṣẹ́."

Bàbá ẹ̀ pòṣé. Òun ló ra nǹkan náà fún un lórí fóònù. Nígbà tó dé, kò jẹ́ kí ọmọ fọwọ́ kàn án. Òun fúnra ẹ̀ ló jókòó sílẹ̀ tó ń tò ó, tó ń làágùn. Nígbà tó tò ó tán, ẹ́ńjìnì ò yí, nọ́ọ̀tì mẹ́ta sì ṣẹ́kù nílẹ̀. Ó ní àwọn tó ṣe é ló fi ìyẹn ṣe ènì. Ẹ gbọ́ o! Èmi tí mo ti ń tajà láti ìgbà tí mo ti ń fi tòbí sáré, mi ò tíì rí oníṣòwò tó ń fi nọ́ọ̀tì ṣe ènì. Ẹni tó bá ń fún èèyàn ní ènì, ojú oníbàárà ló ń wò, kì í ṣe inú páálí. Nígbà tí inú bí i, ó tú gbogbo ẹ̀, ó dà á padà síbi tó ti wá. Ọ̀gá kan níbi iṣẹ́ ẹ̀ ti ní òun máa rà á fún ọmọ tòun.

Ó sọ fún ọmọ ẹ̀ níṣojú mi pé, "Lọ́jọ́ Sátidé tí mo bá wá kó yín, tí mi ò bá fojú ara mi rí i kó ṣiṣẹ́, mo ti tà á nìyẹn."

Ọmọ náà gbá páálí mọ́ra bí ẹni gbọ́mọ tuntun. Ó ní, "Á ṣiṣẹ́, Dádì." Ohùn ẹ̀ kò ju ti ẹ̀fọn lọ.

Ẹ́ńjìnì yìí kò tó agolo mílíìkì. Kì í mu bẹntiróòlù, kò sì ní bátìrì. Bí ọmọ náà ṣe ṣàlàyé ẹ̀ fún mi ni pé, wọ́n á tan fìtílà kékeré kan sábẹ́ ọ̀pá gíláàsì kan, afẹ́fẹ́ inú gíláàsì á gbóná, á ti irin kan síwá sẹ́yìn, irin yẹn á sì máa yí kẹ̀kẹ́.

Mo ní, "Ìyẹn ni pé ooru ló ń jẹ?"

Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Mo ní, "Ẹbí mi ni nígbà yẹn. Ẹ gbé e sórí tábìlì."

Tábìlì tí mo fi ń di dòdò la fi ṣe ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì. Ìwé tí wọ́n fi ránṣẹ́ mọ́ ọn, èdè Ṣáínà ló wà nínú ẹ̀ láti òkè délẹ̀. Mo fẹ́ràn ìwé náà gan-an. Kò ṣojúsàájú. Ọmọ ilé ìwé àti èmi tí mo fi ilé ìwé sílẹ̀ ní pírámárì kejì, bákan náà ni kò yé wa. Àwòrán nìkan ló kù, àwòrán ò sì béèrè ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ọmọbìnrin náà á wo àwòrán, á na ọwọ́, èmi á mú irin tó jọ ọ́ fún un. Iṣẹ́ àbúrò ẹ̀ ni láti máa ka nọ́ọ̀tì, kó sì máa ṣe bísímílà kí wọ́n tó dè é. Ó ṣe bísímílà débi tí mo fi ní kó dín in kù, kí Ọlọ́run má rò pé ọkọ̀ òfuurufú là ń tò.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, nọ́ọ̀tì kan sọnù. Èyí tó kéré jù lára wọn ni, kò ju imí eku lọ. Abọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí mo ti pò mọ́ ata sì wà nítòsí, a ò fi nǹkan kan bò ó. Mo ti rí i lójú inú mi: ẹnì kan tó ń lọ sí Ifẹ̀ á gé dòdò jẹ, eyín á dún kàù, á sì máa pariwo káàkiri pé dòdò Ìkirè ti ń ní egungun. Mo ki ọwọ́ bọ inú abọ́ dé ìgúnpá, mò ń tẹ̀ ẹ́ ní ìkúnwọ́ ìkúnwọ́, ata ń ta mí. Ọmọkùnrin yẹn kàn dúró, ó ń wò mí, ẹnu ẹ̀ dákẹ́.

Ìdákẹ́jẹ́ yẹn ló fu mí lára. Mo ní, "Yanu."

Orí ahọ́n ẹ̀ ni nọ́ọ̀tì wà. Ó ní òun fi í síbẹ̀ kó má baà sọnù ni.

Ẹ̀gbẹ́ mi ni alọta wà, ọkùnrin kan tí ẹ́ńjìnì ẹ̀ ń wúkọ́ ju arúgbó lọ. Láti ọjọ́ tí a ti bẹ̀rẹ̀ ló ti ń yọjú.

"Màmá, ṣé ata èèrà lẹ fẹ́ máa fi lọ̀ ni?"

Mo ní, "Ata èèrà ni. Ṣé o ń bẹ̀rù pé èèrà á kúrò ní oníbàárà ẹ?"

"Ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ yí ná. Ẹ́ńjìnì tí kò lè ya ọwọ́ ọlọ́wọ́, kì í ṣe ẹ́ńjìnì."

Mo lọ ra sípíríìtì tí fìtílà ẹ̀ máa mu ní ṣọ́ọ̀bù olóògùn. Ọmọ tó ń tajà níbẹ̀ ní irú egbò wo ni mo fẹ́ fi fọ̀. Mo ní bàbá kan ló dá egbò sí ẹ́ńjìnì lára, a fẹ́ wò ó sàn. Ó fún mi ní ṣéńjì, ó sì sún sẹ́yìn díẹ̀.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, a tò ó tán. Gbogbo nọ́ọ̀tì ló ríbi wọ̀, kò sí ènì kankan nílẹ̀. Ọmọbìnrin náà tan fìtílà, ó fi ìka ti kẹ̀kẹ́. Kẹ̀kẹ́ yí díẹ̀, ó han "kéé", ó dúró. Ó ní òróró ló ń fẹ́. Ìgò òróró kékeré kan wà nínú páálí lóòótọ́, òfìfo ló sì wà. Bàbá wọn ti fi sí ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù tó ń dún.

Kíá ni alọta ti gbé ọ́ìlì dúdú dé nínú agolo. Ó ní, "Ẹ gbà. Tó bá ti ṣiṣẹ́, kẹ́ ẹ ṣáà sọ fáráyé pé ọ́ìlì tèmi ni."

Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yẹn ló bà á jẹ́. Bó bá dákẹ́ ni, ǹ bá gbà á. Mo ní kó máa gbé ọ́ìlì ẹ̀ lọ, kò sẹ́ni tó ń fi ẹrẹ̀ pa ọmọ tuntun lára. Àwọn àgbà ní epo lẹ̀rọ̀. Mo fa ìgbálẹ̀ kan yọ, mo tì í bọ inú epo pupa mi, mo fi kan gbogbo oríkèé ẹ́ńjìnì náà ní kọ̀ọ̀kan. Lẹ́bàá ààrò tí iná ṣì ń jó la wà. Ọmọ náà ti kẹ̀kẹ́.

Ó yí! Fìrìrìrì, bí abẹ̀bẹ̀. Àbúrò ẹ̀ ń fò sókè, èmi náà ń jó, mo sì na ṣíbí ìdíndòdò sí alọta. Mo pe bàbá wọn lórí fóònù, mo pe gbogbo àdúgbò pé kí wọ́n wá wòran láàárọ̀.

Bàbá wọn kàn sọ pé, "Màámi, ojú ara mi ni mo ní kó ti ṣiṣẹ́."

Láàárọ̀ Sátidé, ọyẹ́ sọ̀ kalẹ̀ bí ẹni tó wá gba gbèsè. Omi tí mo fi ṣe àlùwàlá àsùbáà fẹ́rẹ̀ẹ́ gé mi níka. Bàbá wọn dé ní kùtùkùtù pẹ̀lú ṣòkòtò tó lọ̀. Àdúgbò pé. Alọta kò tiẹ̀ ṣí ṣọ́ọ̀bù. Ọmọbìnrin náà gbé ẹ́ńjìnì sórí tábìlì, ó tan fìtílà, ó dúró kó gbóná, ó ti kẹ̀kẹ́.

Ẹ́ńjìnì ò mira. Ó tún tì í. Kẹ̀kẹ́ náà le bí ewúrẹ́ tí wọ́n ń fà lọ sínú òjò.

Alọta ní, "Bóyá kò tíì jẹun àárọ̀."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Bàbá wọn ò rẹ́rìn-ín. Ó fi ọwọ́ kan ọmọ ẹ̀ léjìká, ó ní, "O gbìyànjú," ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹ́ńjìnì náà sínú páálí. Ọmọ yẹn ò sunkún. Ó ṣáà dúró, apá ẹ̀ méjèèjì wà nílẹ̀. Mi ò lè wo ojú ẹ̀, ni mo bá kọjú sí iṣẹ́ mi. Odidi ìdì Àpòmù yẹn ni mo ti bó, tí mo ti pò kalẹ̀ fún èrò Sátidé. Mo dojú kẹ́ẹ̀gì epo kọ agbada. Ẹ̀kán kan ò jáde.

Mo pariwo mọ́ ọmọkùnrin yẹn pé, "Bá mi sún kẹ́ẹ̀gì yìí mọ́ iná, jàre! Epo ti dì!"

Ọmọbìnrin náà yí orí padà. Ó wo kẹ́ẹ̀gì. Ó wo páálí lọ́wọ́ bàbá ẹ̀.

"Màmá Ìkirè! Epo!"

"Epo kí ni?"

"Epo tẹ́ ẹ fi sí i lánàá! Ó ti dì sí i lára!"

Mo dúró gbagidi. Èmi tí mo ń fi epo jẹun láti kékeré, tí mo ń yọ́ epo ní gbogbo àárọ̀ ọyẹ́, èmi náà ni mo lọ fi epo pupa sí oríkèé irin. Kí n tó yíjú, ọmọ ti já páálí gbà lọ́wọ́ bàbá ẹ̀, ó ti wà nídìí ààrò, ó fi àkísà di ẹ́ńjìnì mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná. Epo bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́, ó ń kán pupa. Ó ń nù ún, ó ń yọ́ ọ, ó ń nù ún. Ẹnìkan na àkísà tí wọ́n ti fi kẹrosíìnì rin sí i. Alọta ni, kò sì sọ nǹkan kan. Epo inú kẹ́ẹ̀gì tèmi náà ti yọ́. Mo da epo sí agbada, mo da gbogbo dòdò sí i, mo sì sáré lọ sídìí tábìlì.

Ó tan fìtílà. A dúró. Ó ti kẹ̀kẹ́.

Kẹ̀kẹ́ yí lẹ́ẹ̀kan, bí ẹni tó ń rò ó. Lẹ́yìn náà ló gbà á: fìrìrìrìrì. Ariwo sọ. Bàbá wọn kúnlẹ̀ sínú iyanrìn tòun ti ṣòkòtò tó lọ̀, ojú ẹ̀ ò kúrò lára kẹ̀kẹ́. Bọ́ọ̀sì kan tó ń bọ̀ láti Wásinmi dúró, dírẹ́bà bọ́ sílẹ̀ láti wá wò. Alọta ní kí wọ́n yà fún òun, òun náà jẹ́ oníṣẹ́ ẹ́ńjìnì.

Bàbá wọn yọ fóònù. Ó ní, "Ẹ má bínú, sà. Ẹ́ńjìnì yẹn kì í ṣe títà mọ́. Ó ti ní ẹni tó ni ín."

Ọmọ náà kàn bi í pé, "Dádì, ṣé ẹ rí nọ́ọ̀tì mẹ́ta yẹn? Gbogbo ẹ̀ ló wà nínú ẹ̀."

Ìgbà yẹn ni èéfín dé. Àbúrò ẹ̀ figbe ta pé, "Ẹ́ńjìnì ń jóná!"

Ọmọbìnrin náà fa imú. "Ẹ́ńjìnì kọ́, Màmá Ìkirè. Dòdò ni."

Kí n tó sáré débẹ̀, èédú ló kù nínú agbada. Bàbá wọn ní òun á san án. Mo ní kó fi owó ẹ̀ ra òróró ẹ́ńjìnì gidi. Mo fẹ́ da gbogbo ẹ̀ nù nígbà tí èrò bọ́ọ̀sì kan na owó sí mi. Mo ní ó ti jóná. Ó ní irọ́ ni mò ń pa, oníbàárà mi ni mo fẹ́ tọ́jú ẹ̀ fún, dòdò Ìkirè gidi kì í sì í ṣe funfun. Ẹgbẹ̀ta náírà ló fi rà. Ó jẹ ẹ́ lójú mi, ó ní, "Èyí gan-an ni ojúlówó."

Ọ̀gẹ̀dẹ̀ Àpòmù, ẹgbẹ̀rún mẹ́fà ààbọ̀. Epo, ẹgbẹ̀rún mẹ́rin ààbọ̀. Ata, iyọ̀ àti igi ìdáná, irinwó. Tí ẹ bá ti yọ ẹgbẹ̀ta náírà ọkùnrin yẹn kúrò, ohun tí mo pàdánù lọ́jọ́ yẹn jẹ́ ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá ó lé ẹgbẹ̀rin náírà.