Fìlà Dókítà Èbúté

Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti ya ẹ́síréè àyà ìyàwó mi ní Èkó nítorí físà Kánádà, ẹ̀ẹ̀mejèèjì ni wọn ò rí nǹkan kan. Ṣùgbọ́n kí àwọn onífísà tó kan ìwé rẹ̀, ọjọ́ ẹ́síréè á ti kọjá, wọ́n á ní kó lọ ya òmíràn. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta yìí, ó ní òun ò lọ mọ́, ó ti sú òun.

Ó ti sú èmi náà. Mo jókòó ní Rexdale, ní Kánádà níbí, lókè ilé gogoro, mò ń wo yìnyín lójú fèrèsé. Ọmọ wa ti lọ síbi iṣẹ́ shift rẹ̀. Mo pe ìyàwó mi lórí fóònù.

"Bàbá àwọn ọmọ, kí ni wọ́n sọ nù sí mi láyà tí wọn ò yéé wá a?"

Èmi ò kàwé jìnnà, àmọ́ ìtàn kì í wọ́n lẹ́nu mi. Mo ní, "Tìẹ ṣì dára. Láyé òyìnbó amúnisìn, bàbá mi wọ ọkọ̀ ojú omi, ó ń lọ sí Sàró. Dókítà Èkó ti yẹ gbogbo èrò wò, ó ní ara wọn le. Ní èbúté Èkó níbẹ̀ ni dókítà ilẹ̀ òkèèrè kan bá tún gun ọkọ̀, ó ní òun náà á yẹ̀ wọ́n wò, kí olúkúlùkù sì san owó orí kó tó lọ. Ariwo ta! Èbúté ta ni? Ta ló pè é? Bó ṣe ní kí bàbá mi la ẹnu, bàbá mi wúkọ́ ẹyọ kan. Fìlà dókítà fò lọ sínú ọ̀sà, ẹja àrọ̀ gbà á dé. Títí dòní..."

"Ẹ dúró níbẹ̀! Lọ́jọ́sí, eyín dókítà lẹ ní ó fò lọ. Bàbá yín tí kò kọjá Ìsẹ́yìn rí!"

Ó bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín di ikọ́. Ikọ́ ò lọ. Mo gbé fóònù sétí, mò ń dúró, bí ẹni ń retí bọ́ọ̀sì nínú òtútù.

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ìgbà ọyẹ́."

Ìgbà yẹn ló yé mi. Ẹ̀rù ló ń bà á. Bí ẹ̀rọ bá rí nǹkan lọ́tẹ̀ yìí, ilẹ̀kùn Kánádà tì nìyẹn.

"Fi Kánádà sílẹ̀," ni mo wí. "Lọ́la, jẹ́ kí wọ́n wo àyà ẹ fún èmi àti ìwọ."

"Tí wọ́n bá wá rí nǹkan ńkọ́?"

"Èmi ni màá wálé."

"Irọ́ yín tún ti dé."

Mo fa àpótí mi jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo gbé fóònù sún mọ́ ọn, kó lè gbọ́ bí síìpù ṣe ń ṣí.