Aṣọ Funfun Tí Ọkọ Rẹ̀ Lọ̀

Ẹ́sítéètì tí ìjọba kọ́ sí Ìkòròdú ni mo gbé fún ọ̀pọ̀ ọdún, láyé ìgbà tí fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kárí ìlú. Nígbà tí a kọ́kọ́ kó débẹ̀, àwọn tó ń lọ ṣiṣẹ́ ní Èkó ló pọ̀ jù nínú wa. Kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n ti jáde. Nígbà tí wọ́n bá fi máa wọlé, àwọn ọmọ ti sùn. Lẹ́yìn náà ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ lọ́wọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó wá di pé tí ènìyàn bá jáde láàárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́, àwọn ọkùnrin ni yóò bá níjòókòó nídìí ẹ̀rọ omi, tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù. Mo kórìíra ìran yẹn. Tí mo bá rí ọkùnrin tó wọ ṣòkòtò péńpé ní agogo mẹ́wàá àárọ̀, inú á máa bí mi, bí ẹni pé òun ló lé ara rẹ̀ kúrò lẹ́nu iṣẹ́.

Inú tó ń bí mi yẹn náà ló jẹ́ kí n gbà nígbà tí ẹgbẹ́ àwa ará ẹ́sítéètì ní kí n wá ṣe alárinà. Ọ́fíìsì kan wà tí ìjọba gbé kalẹ̀ láti máa kọ́ irú wa níṣẹ́ ọwọ́, kí wọ́n bá wa wá ẹni tó máa gbà wá síṣẹ́, kí wọ́n sì mú báńkì wá bá wa nílé, kí owó oṣù lè níbi tí yóò máa wọ̀ sí. Èmi ni mò ń ti ilé dé ilé, tí mò ń bi àwọn ènìyàn pé kí ni wọ́n lè ṣe. Àwọn kan ń pè mí ní aláṣejù. Wọn ò parọ́ mọ́ mi. Ẹnu mi mú, n kì í sì í gbà bọ̀rọ̀.

Ẹni àkọ́kọ́ tí mo mú ni obìnrin tí ilẹ̀kùn rẹ̀ kọjú sí tèmi. Ìyàwó ni gbogbo wa ń pè é, nítorí òun ló kéré jù nínú àwọn abilékọ ilé wa. Ọkọ rẹ̀ ti ṣe akọ̀wé ní Èkó títí kí wọ́n tó ní kó máa lọ ilé. Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni, láti ìdílé Mùsùlùmí tó ti ń pẹja, tó sì ń ta ẹja láti ayébáyé, ṣùgbọ́n òun kò lè pẹja, kò tilẹ̀ fẹ́ràn omi. Tí a bá yọ ìwé kíkọ kúrò, ohun kan tó mọ̀ ọ́n ṣe ju gbogbo wa lọ ni aṣọ lílọ̀.

Ìyàwó gba ibi ìkọ́ṣẹ́ lọ, ó ń kọ́ oúnjẹ sísè àti búrẹ́dì yíyan. Aṣọ funfun kan ni wọ́n máa ń wọ̀ lé aṣọ níbẹ̀, ọ̀gá wọn kì í sì í jẹ́ kí ẹni tí aṣọ rẹ̀ rún wọlé. Ní àràárọ̀, ọkọ rẹ̀ á finá sí áyọ́ọ̀nù eléèédú, nítorí iná mànàmáná kì í sí, á máa fẹ́ ẹ lẹ́nu ọ̀nà, á sì lọ aṣọ náà títí ìlà apá rẹ̀ á fi dúró ṣánṣán. Àwọn ọkùnrin ìdí ẹ̀rọ omi wá sọ ọ́ di ẹni yẹ̀yẹ́.

"Bàbá alágbàfọ̀, ẹ bá wa lọ tiwa náà o."

"Ẹ kọ́kọ́ lọ wá ìyàwó tó níṣẹ́ lọ́wọ́," ló máa ń dá wọn lóhùn.

Mo gbọ́ ọ lójú fèrèsé mi, mo rẹ́rìn-ín, láti ọjọ́ yẹn ni inú rẹ̀ kò ti bí mi mọ́. Lọ́jọ́ tí àwọn báńkì gbé tábìlì sábẹ́ igi wá ṣí àkáǹtì fún wa, òun ló jókòó ti ìyàwó rẹ̀, tó ń kọ́ ọ bí yóò ṣe máa buwọ́ lùwé. "Bó o bá ṣe kọ ọ́ lónìí ni kó o máa kọ ọ́ títí a ó fi darúgbó," ó sọ fún un. Obìnrin báńkì náà ní kí wọ́n fi eré ìfẹ́ sílẹ̀, èrò pọ̀ lẹ́yìn.

Nígbà tó yá, ọ́fíìsì wa ríṣẹ́ fún un ní ilé ìdáná ilé ẹ̀kọ́ kan tí àwọn ọmọ ń gbé, nítòsí Itamaga. Ọjọ́ Mọ́ńdè ni kó wọlé. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, ọkọ rẹ̀ lọ aṣọ funfun náà, ó fi kọ́ ìṣó ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Ó ní orí ń fọ́ òun, ó sùn sórí ẹní. Nígbà tí wọ́n pe ìrun ìrọ̀lẹ́, tí ìyàwó rẹ̀ lọ jí i, kò dáhùn.

Mùsùlùmí kì í jẹ́ kí òkú sùn mọ́jú tí wọ́n bá lè sin ín. Kí oòrùn tó wọ̀, ọkọ̀ ti gbé e lọ sí ilé bàbá rẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́. Ìyàwó jókòó tì í lẹ́yìn ọkọ̀. Àwa la bá a gbé ẹrù rẹ̀ sínú bọ́ọ̀tù, a sì dúró síta títí ọkọ̀ náà fi yà ní kọ́nà.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, èmi ni mo lọ sí ilé ẹ̀kọ́ náà. Obìnrin tó jẹ́ ọ̀gá ilé ìdáná wọn ṣàánú. Ó ní òun á ní sùúrù di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ gbọ́dọ̀ jẹun, òun ò lè ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo dúpẹ́, mo sì wọ ọkọ̀ Ẹ̀pẹ́ ní ọ̀túnla. Ọ̀nà náà burú. Láti Imota lọ, jìgìjìgì ni ọkọ̀ ń mì, mo sì ń to ọ̀rọ̀ mi lẹ́sẹẹsẹ.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ ló pàdé mi, obìnrin àgbàlagbà kan tó ń ta ẹja lọ́jà Ẹ̀pẹ́. Òun ló tọ́ olóògbé dàgbà lẹ́yìn ikú ìyá wọn. Ó ti sunkún títí ohùn rẹ̀ fi há. Ó bu omi fún mi, ó sì gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ mi tán kó tó la ẹnu.

"Ẹ ṣé o. Aládùúgbò gidi ni yín. Ṣùgbọ́n oṣù mẹ́rin ó lé ọjọ́ mẹ́wàá ni wọ́n ń ṣe opó, kò sì tíì lo ọ̀sẹ̀ kan."

"Mọ̀mí, iṣẹ́ yẹn ò ní dúró dè é. Ọkọ ẹ̀ gan-an ló fẹ́ kó ṣe é. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran."

"Ẹkún ọ̀hún la ṣì ń sun. Iyẹ̀pẹ̀ ojú oórì ọmọ mi ò tíì gbẹ, ẹ ní kí ìyàwó ẹ̀ máa lọ yan búrẹ́dì. Wọ́n á ní ó ti ń retí ikú ẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni."

Ìyàwó wà nínú yàrá tó kángun sí wa, lórí ẹní, nínú aṣọ dúdú. Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀, ó ń gbọ́ wa. Mo wojú rẹ̀ títí pé kó sọ nǹkan kan. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pa òwe náà fún un níbẹ̀. Orí ló tẹ̀ mọ́lẹ̀.

Mo ní kí wọ́n bá mi pe áfáà. Ọkùnrin oníwà pẹ̀lẹ́ ni áfáà àdúgbò náà. Ó ní opó tí kò sẹ́ni tí yóò bọ́ ọ lè jáde lójú ọ̀sán lọ wá oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀, bó bá ti lè padà wá sùn sílé. Inú mi ti ń dùn kó tó fi kún un pé ilé tí obìnrin náà àti ọkọ rẹ̀ jọ ń gbé ló yẹ kó ti jókòó.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti wọ́. Fúláàtì wọn ní Ìkòròdú kò jìnnà sí ibi iṣẹ́ náà rárá. Ká ní ibẹ̀ ló ti jókòó ṣe opó ni, ìbá máa lọ láàárọ̀, ìbá máa bọ̀ nírọ̀lẹ́. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ọkọ kú, kò sẹ́ni tó ronú kàn án, àwọn ẹbí kò rò ó, àwa tá a bá a gbé ẹrù náà kò rò ó. Ibi tí òkú bá lọ ni opó ń tẹ̀ lé e lọ. Lójú ará Ẹ̀pẹ́, ilé ẹbí ni ilé. Fúláàtì ìjọba kàn jẹ́ ibi tí ènìyàn ń sùn kó lè rí Èkó lọ ni. Kò sì sí bí ènìyàn ṣe lè máa ti Ẹ̀pẹ́ lọ sí Ìkòròdú kó tún padà lójoojúmọ́ lójú ọ̀nà yẹn.

"Ṣé kò wá lè padà sí Ìkòròdú lọ parí ẹ̀ ni?" mo bi áfáà.

Ó wo ìyá àgbàlagbà náà. "Mo ti sọ ohun tí mo mọ̀. Ẹbí ló kù sí lọ́wọ́."

"Ibi tó ti jókòó ni yóò ti dìde," ẹ̀gbọ́n ọkọ fèsì, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún.

Mo ti múra ìjà wá, ṣùgbọ́n ìyá tó pàdánù ọmọ ni mo rí níwájú mi. Mo dìde, mo kí wọn kú ará fẹ́ra kù, mo sì wá ọkọ̀ lọ. Kí ọ̀sẹ̀ kejì tó parí, ilé ẹ̀kọ́ náà ti gba ẹlòmíràn.

Nígbà tí Ìyàwó parí opó, ó padà sí fúláàtì rẹ̀. Ó ti rù. Aṣọ funfun náà ṣì wà níbi tí ọkọ rẹ̀ fi kọ́ sí, kò sì fọwọ́ kàn án. Mo ń bá a wáṣẹ́ kiri, ibi tí mo bá lọ ni wọ́n á ní kí n padà wá. Ìgbà tí ọ̀gá búrẹ́dì kan ní Itamaga ní kó wá, òjò ọdún yẹn ti ń lọ sópin. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, mo rí i tó jáde nínú aṣọ yẹn, ìlà apá rẹ̀ ṣì dúró ṣánṣán. Mo kí i kú oríire, ó kàn mi orí.

Nírọ̀lẹ́, mo bá a nídìí ẹ̀rọ omi. Ó bu omi sínú abọ́, ó fi ọṣẹ sí i, aṣọ wà lórí itan rẹ̀, ìyẹ̀fun ti ta sí i lára. Kò tì í bọ omi.

"Tí mo bá ti fọ̀ ọ́, Àǹtí, ó tán nìyẹn."

Mo ní kó gbé e wá kí n bá a fọ̀ ọ́. Ó kọ̀.

"Lọ́jọ́ tí ẹ wá sí Ẹ̀pẹ́, ẹ ní bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ìran nìkan ni mo rí níbẹ̀, Àǹtí. Gbogbo àsìkò tí mo fi jókòó sórí ẹní yẹn, iṣẹ́ ni mò ń rò, bóyá wọ́n ṣì dì í mú fún mi. Àwọn ènìyàn ń wọlé wá kí mi, mò ń dá wọn lóhùn. Mi ò sunkún ọkọ mi."

Ó ti aṣọ náà bọ inú omi. Ìlà apá rẹ̀ dúró díẹ̀ kó tó rọ̀. Ìgbà náà ló bú sẹ́kún. Mo jókòó tì í, n kò sì sọ pé kó dákẹ́. Nígbà tó yá, ó fún aṣọ náà, ó sá a. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, bó ṣe rún náà ló wọ̀ ọ́ lọ síbi iṣẹ́.