Àfọ̀dán, Ọṣẹ Tí Kò Rí Ẹni Pe Orúkọ Rẹ̀

Ìgbà tí ìjọba pààrọ̀ àwọ̀ owó, tí àwọn àgbà ní Ẹ̀pẹ́ ń tú abẹ́ ẹní àti inú ìkòkò, oyún ọmọbìnrin mi, àbígbẹ̀yìn mi, wà nínú mi. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń ka ọdún, nítorí n kò kàwé. Ìtamága ní Ìkòròdú là ń gbé nígbà náà, nínú yàrá kan tí a háyà. Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni mí, ọmọ apẹja. Ọ̀ṣun ni ọkọ mi ti wá, ó sì ń ṣiṣẹ́ ní ọgbà àwọn ilé iṣẹ́ ní Ìkòròdú, níbi tí wọ́n ti ń ṣe ọṣẹ lẹ́búlẹ́bú tí a fi ń fọ aṣọ. Bó bá ti bọ́ sílẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì òṣìṣẹ́ nírọ̀lẹ́, mo ti ń gbóòórùn rẹ̀ kó tó dé ẹnu ọ̀nà. Mo máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí òjò bá pa á lọ́nà, ṣe ni yóò máa hó bọ̀ wálé.

Àfọ̀dán ni orúkọ ọṣẹ náà. Ọ̀gá tó ni ilé iṣẹ́, bàbá Ìjẹ̀bú kan tó ti dàgbà, òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ọṣẹ náà dára. Èmi tí mo fi fọ aṣọ ìpẹja bàbá mi, tí òórùn ẹja kì í kúrò lára rẹ̀, mo mọ̀ pé ó dára. Ṣùgbọ́n ta ló ń pè é ní Àfọ̀dán? Gbogbo ọṣẹ lẹ́búlẹ́bú, ì báà jẹ́ ti ta ni, ómò là ń pè é. Bẹ́ẹ̀ la ṣe bá a. Mo ní àtẹ kan níwájú ilé. Ẹni tó bá fẹ́ ohun tó ń mú ọbẹ̀ dùn, Mágì ló máa bèèrè, kódà bó bá jẹ́ pé òmíràn lọwọ́ rẹ̀ máa mú. Ẹni tó fẹ́ ọṣẹ ìfọyín á ní kí n fún òun ní Mákílíìnì, á sì na ìka sí èyí tí kì í ṣe é. A kì í bá ara wa jà sí i. Ahọ́n kò ní egungun. Èmi ò mọ̀ pé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lè ba ilé ẹnì kan jẹ́.

Ọkọ mi ló kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n. Ọ̀gá pè wọ́n jọ, ó ní ọṣẹ ń tà lẹ́ẹ̀kan, kì í tà lẹ́ẹ̀kejì. Ẹni tó bá rà á tó sì fẹ́ràn rẹ̀, bó bá dé ọjà mìíràn, ómò ló máa ní kí wọ́n fún òun, wọ́n á sì mú ti ẹlòmíràn fún un, á gbà á, á lọ. Ni ọkọ mi bá gbé òfin kalẹ̀ nílé: ẹni tó bá pè é ní ómò ni yóò fọ aṣọ gbogbo wa lọ́jọ́ náà. Èmi ni mo fọ èyí tó pọ̀ jù. Lọ́jọ́ kan òun fúnra rẹ̀ ṣèèṣì pè é, mo sì gbé abọ́ ìfọṣọ síwájú rẹ̀. Ó fọ gbogbo rẹ̀, títí kan yẹ̀rì mi, àwọn ayálégbé sì ń bi í bóyá ìyàwó rẹ̀ ti gbaṣẹ́ ọkọ lọ́wọ́ rẹ̀. A rẹ́rìn-ín gan-an. Ẹ̀rín yẹn ń dùn mí báyìí.

Lórí àtẹ náà mo gbìyànjú. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ ómò, màá ní Àfọ̀dán ni kó pè é. Obìnrin kan tó ń gbé ẹ̀yìnkùlé wa wò mí títí.

"Ìyàwó, ṣé ọṣẹ lẹ fẹ́ tà ni àbí ẹ fẹ́ kọ́ mi níwèé? Ẹ fún mi ní ómò Àfọ̀dán yín jàre."

Nígbà tí mo bímọ, ọ̀gá fi páálí ọṣẹ ránṣẹ́, pé kí ẹni tó bá wá síbi ìsọmọlórúkọ má lọ lọ́wọ́ òfo. Òun náà wá, ó jókòó ti àwọn àfáà. Lẹ́yìn tí wọ́n ti pe orúkọ ọmọ, ọkọ mi dìde, ó ní kí wọ́n bá òun pe orúkọ kan sí i, orúkọ ọṣẹ tó ń bọ́ ilé òun. Gbogbo wọn pè é ní ohùn kan. Inú ọ̀gá dùn. Àmọ́ bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í pín in, mo ń gbọ́ wọn: ṣé wọ́n ti fún ẹ ní ómò, ó ku ómò ti màmá àgbà. Ìyá mi, tó wọkọ̀ wá láti Ẹ̀pẹ́, kúnlẹ̀ kí ọ̀gá.

"Bàbá, ẹ kú ìnáwó ọmọ wa. Mo ti ń lò ó láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Ómò yín yìí ń fọ aṣọ ju ómò lọ."

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín. "Ẹ ṣé, ìyá. Bí èyí bá wá tán ní Ẹ̀pẹ́, kí lẹ máa ní kí wọ́n bá yín rà?"

"Ómò náà ni, bàbá."

Ó mi orí. Kò bínú. Ó wo ọkọ mi, ọkọ mi sì ń wo ilẹ̀. Mo gbé ọmọ dání, omi ọyàn ń jò sí mi láṣọ, mo sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ti bọ́ lọ́wọ́ wa.

Kí ọmọ náà tó rìn dáadáa, bọ́ọ̀sì òṣìṣẹ́ ò wá mọ́. Wọ́n fi ṣẹ́ẹ̀nì ti géètì ilé iṣẹ́, wọ́n ní kí àwọn òṣìṣẹ́ lọ sinmi ná, àwọn á ránṣẹ́ pè wọ́n. Kò sẹ́ni tó ránṣẹ́. Àwọn àgbà ní iṣẹ́ ni oògùn ìṣẹ́. Wọn ò sọ oògùn fún ẹni tí iṣẹ́ kú mọ́ lọ́wọ́. Ọkọ mi ru búlọ́ọ̀kù fún àwọn tó ń kọ́lé ní Ìjẹ̀dẹ́, àyà rẹ̀ ò gbà á. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ti ṣọ́ọ̀bù kan bọ́ sí òmíràn, ó ń bèèrè Àfọ̀dán. Ó mọ̀ pé kò sí. Mo tẹ̀ lé e lọ́jọ́ kan, mo dúró lẹ́yìn ògiri. Ọmọbìnrin tó ń tajà ò gbọ́ orúkọ náà rí. Ọkọ mi ṣàlàyé títí, ọṣẹ ni, lẹ́búlẹ́bú ni, inú ọ̀rá pupa ló máa ń wà.

"Ómò ni bàbá ń wí," ni ọmọ náà sọ, pẹ̀lú ọ̀wọ̀. "Ómò wà, sà. Oríṣiríṣi."

Ó dúpẹ́, ó sì kọjá sí ṣọ́ọ̀bù tó kàn. N kò lè pè é. Mo gba ọ̀nà mìíràn délé. Nígbà ọyẹ́ ọdún náà ni ọkọ mi kú, kì í ṣe àìsàn tí ẹnikẹ́ni rí orúkọ fún ló pa á.

Nígbà tí ọmọbìnrin mi yẹn fẹ́ lọ sílé ọkọ, àwọn àna bi í pé iṣẹ́ kí ni bàbá rẹ̀ ṣe. Ó wá bá mi pẹ̀lú ojú pupa, ó ní òun dárúkọ Àfọ̀dán, wọ́n sì wo òun bí ẹni tó ń parọ́. Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní irú rẹ̀ ti ṣe àwọn náà rí. Mo jókòó tì wọ́n. Èmi nìkan ló kù tó ń pe orúkọ yẹn, ó sì ti rẹ̀ mí.

"Ẹ má da ara yín láàmú," ni mo sọ fún wọn. "Ẹni tó bá bi yín, ẹ ní ó ń ṣe ómò. Ìyẹn á yé wọn."

Ohun tí wọ́n sì ń sọ nìyẹn.