Ìlà Àkọ́kọ́ lára Ògiri Ọ̀ṣun

Ẹnikẹ́ni tó bá sọ fún yín pé ènìyàn jẹ́jẹ́ ni Ọ̀ṣuntọ́lá, irọ́ ló pa. Obìnrin náà le bí ojú ẹja! Ọdún mẹ́tàlélógún gbáko ló fi po osùn àti ẹfun fún Ìyá Àgbà Ọ̀ṣunwùmí, olórí àwọn obìnrin tó ń kun ògiri ilé Ọ̀ṣun ní Ẹdẹ. Lọ́dọọdún, kí ọdún Ọ̀ṣun tó kò, wọ́n á fọ iṣẹ́ èṣí kúrò, wọ́n á fi ìgbẹ́ màlúù pa ògiri, olórí á sì fa ìlà àkọ́kọ́ ti tuntun. Nígbà tí Ìyá Àgbà kú, ipò kan Ọ̀ṣuntọ́lá. Ó sunkún, inú rẹ̀ sì tún ń dùn.

Àfi bí ajẹ́lẹ̀ òyìnbó ṣe gun ẹṣin dé lọ́jọ́ kan. Ó rí ẹja, àkekèé àti alángbá tí Ìyá Àgbà kùn sára ògiri, ẹnu yà á, ó ya fọ́tò rẹ̀. Ó wá pàṣẹ pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án mọ́ láéláé, ó sì fi akódà kan ṣọ́ ọ. Ó ní iṣẹ́ ọwọ́ Yorùbá ni, kò gbọdọ̀ parun. Ẹ gbọ́ o! Òyìnbó ló wá ń bá wa ṣọ́ Yorùbá!

Oúnjẹ ò lọ lẹ́nu Ọ̀ṣuntọ́lá mọ́. Ó mọ̀ pé bí àṣẹ yìí bá dúró, ọwọ́ òun ò ní kan ògiri yẹn títí òun á fi kú.

Nígbà tí ọdún ku ọ̀la, ó kó obìnrin mẹ́wàá lẹ́yìn pẹ̀lú omi àti kànrìnkàn.

Akódà bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀. "Ìyá, ẹ má kó mi sí wàhálà!"

"Lọ pe ọ̀gá rẹ wá."

Bí ajẹ́lẹ̀ àti Olúmúyìwá, ògbufọ̀ rẹ̀, ṣe ń yọ lọ́ọ̀ọ́kán ni Ọ̀ṣuntọ́lá da omi lu ògiri. Òyìnbó figbe ta.

Olúmúyìwá ní, "Wọ́n ní ẹ ti ba nǹkan ìran yín jẹ́. Wọ́n ní àwọn á tì yín mọ́lé."

"Sọ fún un kó kọ́kọ́ jókòó títí ògiri á fi gbẹ. Kó mú fọ́tò rẹ̀ dání."

Òyìnbó ránṣẹ́ mú fọ́tò wá, ó jókòó. Àwọn obìnrin pa ògiri, oòrùn sì bá wọn gbẹ ẹ́. Ọ̀ṣuntọ́lá mú ìyẹ́ adìẹ, kò wo fọ́tò, ó kun ẹja, ó kun àkekèé, ó kun alángbá pẹ̀lú ìrù rẹ̀ tó tẹ̀ sósì. Òyìnbó ń wo fọ́tò, ó ń wo ògiri. Ìlà kan ò yẹ̀! Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ó tán, kí wọ́n fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ni Ọ̀ṣuntọ́lá bá ki kànrìnkàn bọmi, ó nu gbogbo rẹ̀ nù. Omijé ń dà lójú rẹ̀.

"Ti Ìyá Àgbà nìyẹn. Ọwọ́ mi ló wà, kò lè parun. Tèmi ló kàn."

Ó fa ìlà àkọ́kọ́: odò Ọ̀ṣun gbọọrọ. Lórí odò, ó kun ọkọ̀ ojú irin tó ń rú èéfín, ẹja ńláńlá jókòó sínú rẹ̀ bí èrò tó ń lọ Ìbàdàn. Àwọn obìnrin hó yèè! Akódà gan-an gbàgbé iṣẹ́ rẹ̀, ó ń pàtẹ́wọ́.

Ajẹ́lẹ̀ ki fọ́tò àtijọ́ bọ àpò. Nígbà tó yá, ó ní kí akódà máa lọ ilé, ó sì nawọ́ mú ẹ̀rọ fọ́tò rẹ̀.

Ọ̀ṣuntọ́lá ní, "Olúmúyìwá, sọ fún un kó yára yà á dáadáa o. A máa fọ̀ ọ́ lọ́dún tó ń bọ̀."