Ọjọ́ Tí Ó Kan Orúkọ Mi

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà péré ni iṣẹ́ náà. Ìjọba fẹ́ mọ ibi tí àwọn tó jáde ní kọ́lẹ́ẹ̀jì wa já sí, ni wọ́n bá gba àwa mélòó kan tí a jáde níbẹ̀ pé kí a máa tẹ̀ wọ́n láago lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni: ṣé ẹ ti níṣẹ́? Bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, a ó tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà.

Ọ̀sán Ifẹ̀ a máa kun èèyàn lóorun. Ohùn á máa ti inú fóònù wọlé: ẹnì kan ń fọ abọ́ bó ṣe ń dá mi lóhùn, adìyẹ ń ké lẹ́yìn ẹlòmíràn. Nígbà míì, ó máa ń ṣe mí bíi pé gbogbo wọn jókòó sí yàrá tí a ti ń pè wọ́n, ojú wọn nìkan ni n kò rí. Ọ̀kan bú mi. Ó ní ìjọba tí kò fún òun níṣẹ́ ló tún ń béèrè bóyá òun níṣẹ́. Mo rẹ́rìn-ín, torí inú mi ló sọ.

Nílé, n kì í rẹ́rìn-ín. Màmá onílé mi ní Ìlódè, tí mo ti ń gbé lọ́dọ̀ wọn láti ìgbà tí mo wà nílé ẹ̀kọ́, ti sọ fún gbogbo àdúgbò pé ọmọ àwọn ti wọṣẹ́ ìjọba. Ojú ń tì mí láti sọ fún wọn pé iṣẹ́ náà máa parí. N kò parọ́, mo kàn dákẹ́ ni.

Ọjọ́ tó parí gan-an ló kan orúkọ mi. Òfin ni pé ẹnikẹ́ni nínú wa kò gbọdọ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ tẹ ìdáhùn tirẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, nítorí náà obìnrin tó jókòó tì mí, tó ń ti Ìpetumodù wá lójoojúmọ́, ló tẹ nọ́ńbà mi. Ó ti ń dún kí n tó rántí, kí n sì sọ fún un, pé nọ́ńbà Màmá ni mo kọ sílẹ̀ nígbà tí n kò tí ì ní fóònù. Gbogbo ìpè wa ló sì ń dún síta látinú fóònù kí ọ̀gá wa lè gbọ́.

"Ẹ káàsán, Mà. Láti kọ́lẹ́ẹ̀jì ni. Ìjọba ní ká béèrè bóyá ọmọ yín ti níṣẹ́."

"Ó níṣẹ́. Ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀."

"Ṣé ó ṣì ń ṣe é, Mà?"

Màmá rẹ ohùn wọn sílẹ̀.

"Òní ló máa parí. Ó fi bírò yí òní ká lára kàlẹ́ńdà rẹ̀, ó rò pé n kò rí i. Láti ìjẹta ni kò ti jẹun dáadáa. Ẹ má sọ fún un pé mo mọ̀ o. Ṣùgbọ́n ẹ kọ ọ́ pé ó níṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí ìjọba náà bá mi ṣe àmín sí i."

Obìnrin náà wo ojú mi, ó wo aago ara ògiri. Ó ku wákàtí kan ká ṣíwọ́. Ó tẹ bẹ́ẹ̀ ni.

Nígbà tí mo délé, Màmá kí mi bí wọ́n ṣe máa ń kí mi lójoojúmọ́: "O kú iṣẹ́ o." Mo bú sẹ́kún.