Fàdákà Ọwọ́ Ìyá Mi

Bàbá mi kì í lọ síbi ìnáwó kó má bínú bọ̀ wálé. Wúrà àti fàdákà ọrùn àwọn obìnrin ló máa ń bí i nínú. Á jókòó sí kọ̀rọ̀ kan, á máa wò wọ́n láti òkè délẹ̀, tí a bá sì ti délé báyìí, ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀: "Irin iyebíye ni wọ́n so kọ́rùn yẹn o! Àwọn tó yẹ kó fi ṣiṣẹ́ ń wá a títí, wọn ò rí i." A ó máa rẹ́rìn-ín sínú. Fíríìjì ló ń tún ṣe ní Láfẹ́nwá, ohun gbogbo láyé ló sì ń fi ojú fíríìjì wò.

Lẹ́yìn ọdún 1980, nígbà tí nǹkan le, tí ọjà òkè òkun ò wọlé bíi tàtẹ̀yìnwá mọ́, ẹ̀rín náà tán. Ọ̀pá tí wọ́n po fàdákà mọ́, tí wọ́n fi ń jó páìpù bàbà pọ̀, di àwátì. Bàbá mi wá a dé Èkó, ọwọ́ òfo ló bá bọ̀. Léèdì lásán ò lè dá gáàsì dúró, kì í pẹ́ tó fi ń jò. Fíríìjì oníbàárà kún iwájú ṣọ́ọ̀bù, bàbá mi wá bẹ̀rẹ̀ sí í wo ẹ̀gbà ọwọ́ ìyá mi.

Fàdákà ògidì ni ẹ̀gbà náà, ó nípọn ju ìka mi lọ. Agboolé àwọn Mùsùlùmí oníṣòwò ni wọ́n ti bí ìyá mi. Bàbá mi ní tiẹ̀, ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni. Ní agboolé ìyá mi, bí ìyá bá kú, àkọ́bí rẹ̀ obìnrin ló ń gba ẹ̀gbà. Alágbẹ̀dẹ á fi òòlù pa ẹnu rẹ̀ dé mọ́ ọn lọ́wọ́, wọn ò sì ní í ṣí i mọ́ àfi lọ́jọ́ tí ẹni náà bá kú, kí wọ́n tó wẹ̀ ẹ́. Ọwọ́ tí ẹ̀gbà yẹn wà ni ìyá fi ń fọ ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀ obìnrin nínú yàrá ńlá agboolé lọ́jọ́ tó bá ń lọ ilé ọkọ. Obìnrin tí wọ́n bá ti ṣí ẹ̀gbà rẹ̀, òkú ni wọ́n kà á sí, kò gbọdọ̀ wọ yàrá yẹn lọ́jọ́ náà. Ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n mi obìnrin sì ti wà nílẹ̀, wọ́n ti dá ọjọ́.

"Ọ̀ṣọ́ lásán ni," bàbá mi á wí. "Ọ̀ṣọ́ kì í wo àìsàn, ọ̀ṣọ́ kì í mú omi tutù."

"Ṣé nítorí omi tútù lẹ fẹ́ ṣe sọ mí dòkú, bàbá àwọn ọmọ mi?"

Ọ̀rọ̀ á parí síbẹ̀. Inú mi máa ń dùn sí èsì yẹn, torí bàbá mi lẹ́nu jù.

Àfi ìgbà tí wọ́n gbé fíríìjì ilé ìwòsàn kékeré kan wá láti Òṣíẹ̀lẹ̀. Inú rẹ̀ ni wọ́n ń tọ́jú oògùn abẹ́rẹ́ àjẹsára àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ sí. Páìpù rẹ̀ ti là. Bàbá mi fi léèdì jó o, ó jò. Ó tún un jó, ó tún jò. Ìyẹn ká a lára débi pé kò tilẹ̀ bá wa jà mọ́.

Lọ́jọ́ kan tí èmi àti ìyá mi gbé oúnjẹ ọ̀sán lọ fún un, a bá obìnrin kan níbẹ̀ tó pọn ọmọ jòjòló sẹ́yìn. Láti Òṣíẹ̀lẹ̀ ló ti wá ná ọjà Láfẹ́nwá, ó wá yà béèrè fíríìjì wọn, nítorí nọ́ọ̀sì ti sọ fún un pé kò sí abẹ́rẹ́ títí fíríìjì á fi dé.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé ẹ lè bá wa ṣe é tán lọ́sẹ̀ yìí?"

Bàbá mi nawọ́ sí páìpù tó ti jó lẹ́ẹ̀mejì.

"Ọmọ kelòó nìyí?" Ìyá mi ló bi í.

"Ẹ̀kẹta ni, mà. Ọmọbìnrin ni. Èéyi ló gba àwọn méjì tó ṣáájú lọ́wọ́ mi."

Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ti sunkún rẹ̀ tán. Ìyá mi gbé abọ́ oúnjẹ kalẹ̀, ó na ọwọ́, ó di àtẹ́lẹsẹ̀ ọmọ náà tó yọ létí ọ̀já mú díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló lọ síbi tábìlì iṣẹ́ bàbá mi, tó gbé ọwọ́ ọ̀tún lé e.

"Ẹ gé e."

Bàbá mi tó ti ń fẹ́ ẹ láti ọjọ́ yìí wá, òun ni ẹ̀rù wá bà. "Ìgbéyàwó ọmọ ńkọ́?"

"Mo ní kí ẹ gé e, kí n tó yí ọkàn padà."

Ayùn irin ló fi gé e. Ó ki àkísà sí abẹ́ ẹ̀gbà kí ayùn má bàa kan ara. Obìnrin ará Òṣíẹ̀lẹ̀ ò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, "Ẹ ṣé o, mà" ló ń wí ṣáá. Èmi mọ̀ ọ́n, mo sì ń sunkún. Bàbá mi gé fàdákà náà wẹ́wẹ́, ó lọ tọrọ ìyẹ̀fun funfun tí àwọn alágbẹ̀dẹ wúrà fi ń jẹ́ kí fàdákà yọ́ mọ́ irin, ó sì fi iná jó páìpù náà pọ̀. Ó mú dáadáa, kò jò mọ́.

Ìyá mi fúnra rẹ̀ ló lọ sọ ọ́ ní agboolé wọn. Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ni àgbà obìnrin ibẹ̀ nígbà náà.

"Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, mà," ni ìyá mi wí lórí ìkúnlẹ̀.

"Òótọ́ lo sọ. Ọmọ tìẹ ńkọ́? Ta ni yóò fọ ẹsẹ̀ rẹ̀?"

Bàbá mi rán èèyàn lọ bẹ̀ wọ́n, ó ní òun á wá fàdákà mìíràn rọ, kódà kó tóbi ju ti àkọ́kọ́ lọ. Wọ́n ní èyí tí wọ́n bá rọ lóde òní, ọ̀ṣọ́ ni, kì í ṣe ẹ̀gbà. Inú bí mi sí wọn nígbà yẹn, ó sì ń bí mi títí dòní. Obìnrin tó gba ọmọ ọlọ́mọ là ni wọ́n kà sí òkú.

Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, àgbà obìnrin yẹn ló fọ ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi. Ìyá mi dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, lẹ́yìn ìlẹ̀kùn, pẹ̀lú aṣọ ìnura lọ́wọ́. Nígbà tí wọ́n béèrè aṣọ náà, ó na ọwọ́ wọlé, kò jẹ́ kí ẹsẹ̀ òun kọjá ẹnu ọ̀nà. Ẹ̀gbọ́n mi ò gba aṣọ, ọwọ́ yẹn ló dì mú. Àwọn ará ilé ọkọ ń fọn fèrè mọ́tò lóde, kò fi í sílẹ̀. Àwọn àgbà ń wò ó, kò sí ẹni tó lè ní kó jọ̀wọ́ rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n gbé ìyàwó lọ tán, bàbá mi wá bá ìyá mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Mo yà ní Òṣíẹ̀lẹ̀ lánàá," ó ní. "Fíríìjì yẹn ń ṣiṣẹ́ dáadáa."

"Kó máa ṣiṣẹ́," ìyá mi dá a lóhùn. "Kí ọmọ obìnrin yẹn lè dàgbà débi tí ìyá rẹ̀ á fi fọ ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ sílé ọkọ."

Ìgbà yẹn ni ìyá mi tó bú sẹ́kún.