Ẹ̀mú Alákàn tí Oyèdélé Yàn

Ní Òkukù, lẹ́yìn ọdún 1950, ẹni tó bá lọ ra irinṣẹ́ láìmú Oyèdélé atúnkẹ̀kẹ́ṣe dání, owó rẹ̀ ló fẹ́ fi ṣòfò. Gbẹ́nàgbẹ́nà ń wá a wá, bíríkìlà ń wá a wá. Kódà, tíṣà kan tó fẹ́ ra ẹ̀mú tí yóò fi máa gé wáyà ilé adìyẹ rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ kó bá òun wọ rélùwéè lọ sí Ìkìrun. Oyèdélé a sì lọ, torí ó fẹ́ràn kí wọ́n máa bẹ òun. Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ bó ṣe rí: ìyìn dùn mọ́ ọn lẹ́nu ju ẹran lọ.

Àmì tó wà lára irin ni wọ́n fi ń pe ẹ̀mú nígbà náà. Onídíńgí ń dán gbinrin, àmọ́ òjò méjì péré, ó ti dípẹtà. Ológòǹgò lágbára, ṣùgbọ́n ó wúwo, ọwọ́ á máa ro ẹni tó bá fi ṣiṣẹ́ dọ̀sán. Alákàn, tí wọ́n tẹ àwòrán àkàn sí ìdí ẹnu rẹ̀, ni baba gbogbo wọn. Síbẹ̀, Oyèdélé kì í gba àmì gbọ́ lásán. Á gbé ẹ̀mú sókè sí oòrùn, á wò ó bóyá ìmọ́lẹ̀ ń gba àárín eyín rẹ̀ kọjá. Á fi fa irùngbọ̀n ara rẹ̀ ẹyọ kan. Bí irun náà bá yọ̀ bọ́, kò rà á nìyẹn. Lẹ́yìn náà, á fi okùn so ó rọ̀, á fi ìṣó lù ú, á wá dẹtí sí i.

"Irin tó bá ti sán, bí ìkòkò tó sán ló ń dún," ló máa ń wí.

Gbogbo èyí ló fi kọ́ Jọláyẹmí, ọkùnrin ará Ìnísà kan tó ti níyàwó kó tó wá lo ọdún mẹ́rin lẹ́nu iṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Jọláyẹmí gbọ́n, ó ní sùúrù, kì í sì í já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ ọ̀gá rẹ̀ lẹ́nu.

Ní 1957, nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ kan kí Jọláyẹmí gba òmìnira, Oyèdélé gba owó lọ́wọ́ àwọn ẹbí ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ yìí, ó sì lọ sí Ìkìrun láti yan irinṣẹ́ tí yóò fi lé e lọ́wọ́. Àmọ̀kẹ́, ìyá tó ń ta irinṣẹ́, rí i lókèèrè, ó kígbe sí àwọn tó dúró níwájú ìsọ̀ rẹ̀.

"Ẹ yà lọ́nà o! Ojú lásán ni bàbá yìí fi ń mọ irin. Wọn ò ní í fọwọ́ kàn án rárá!"

Orí Oyèdélé wú. Níwájú gbogbo èèyàn yẹn, ojú tì í láti yọ okùn àti ìṣó jáde nínú àpò. Ó nàka sí Alákàn kan pé kí wọ́n bá òun dì í, ó mú sípánà àti òòlù mọ́ ọn, ó sì yan fanda lọ sí ibùdókọ̀ rélùwéè.

Lọ́jọ́ òmìnira, àwọn ẹbí Jọláyẹmí ti Ìnísà wá. Oyèdélé mú irinṣẹ́ náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó gbàdúrà sí wọn: irin kò ní ṣe ọ́ léṣe, iṣẹ́ kò ní bà jẹ́ mọ́ ọ lọ́wọ́. Gbogbo ilé ń ṣe àmín. Ìgbà tó ń na ẹ̀mú sí Jọláyẹmí ni àtàǹpàkò rẹ̀ kan ìlà kan lábẹ́ àkàn, tín-ín-rín bí irun. Ẹ̀mú náà ti sán.

Ẹ sì mọ bí a ti ń ṣe é: irinṣẹ́ tí ọ̀gá bá ti gbàdúrà sí, a kì í gbà á padà. Bó bá gbà á, wọn á ní àdúrà rẹ̀ ló gbà padà. Ìyá Jọláyẹmí ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀. Ṣé kí Oyèdélé wá jẹ́wọ́ lójú gbogbo wọn pé irin tó sán lòun fi owó wọn rà? Ó jẹ́ kó bọ́ sí ọkùnrin náà lọ́wọ́. Ó ní nínú ara rẹ̀ pé tó bá di ọ̀sẹ̀ kejì, òun á yọ́ ọ pààrọ̀. Ọ̀sẹ̀ kejì dé, òjò ń rọ̀. Ọ̀sẹ̀ kẹta, iṣẹ́ pọ̀. Òkukù sí Ìnísà kò jìnnà, àfi lójú ẹni tí kò fẹ́ débẹ̀.

Ní oṣù kẹrin lẹ́yìn òmìnira, Jọláyẹmí ń fa wáyà bíréèkì kan ní ìsọ̀ rẹ̀ ní Ìnísà. Ẹ̀mú náà kán níbi tó ti sán, ẹ̀rún irin ta wọ ojú ọ̀tún rẹ̀. Wọ́n gbé e dé Òṣogbo, ṣùgbọ́n ojú náà ti lọ.

Nígbà tí Oyèdélé lọ kí i, Jọláyẹmí ló tún ń tù ú nínú. "Ọ̀gá, ẹ má da ara yín láàmú. Àmúwá Ọlọ́run ni." Oyèdélé padà sí Òkukù láìjẹ́wọ́. Láti ọjọ́ náà, kò bá ẹnikẹ́ni yan irinṣẹ́ mọ́. Ó ní ojú òun ti ń ṣe bàìbàì. Irọ́ ni, àbámọ̀ ló ń jẹ ẹ́.

Ọdún mẹ́sàn-án kọjá. Jọláyẹmí, tó ti di ọ̀gá fúnra rẹ̀, wá sí Òkukù lówùúrọ̀ ọjọ́ kan.

"Ọ̀gá, ọmọ iṣẹ́ mi àkọ́kọ́ fẹ́ gba òmìnira. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dé Ìkìrun, ká lọ yan ẹ̀mú fún un."

Oyèdélé fìdí lé àpótí. "Jọláyẹmí, mo mọ̀. Kí n tó fi ẹ̀mú yẹn lé ọ lọ́wọ́, mo ti mọ̀ pé ó sán. Ìtìjú ni kò jẹ́ kí n sọ."

"Èmi náà mọ̀, Ọ̀gá. Bí ẹ ti fi lé mi lọ́wọ́ ni ìka mi kàn án."

"O mọ̀, o sì ń lò ó?"

"Ẹ̀yin lẹ yàn án. Ẹnu wo ni mo fẹ́ fi sọ fún yín pé kò dára? Mo rò pé tí mo bá rọra ń lò ó, kò ní kán." Ó na ọwọ́ sí ọ̀gá rẹ̀, ó fà á dìde. "Ẹ jẹ́ ká máa lọ, Ọ̀gá. Bí ẹ bá mú èyí tí kò dára lónìí, màá sọ."

Oyèdélé tẹ̀lé e lọ sí ibùdókọ̀. Apá ọ̀tún Jọláyẹmí ló ń rìn sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú tó fọ́, kó má baà rí i pé òun ń sunkún.